Ilẹ̀kùn Tó Ń Dí Olè Lọ́nà Kò Gbọdọ̀ Há Onílé Mọ́lé

Ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń yan ọwọ́ ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́, àti bí a ṣe ń fi wọ́n sí ilé

   Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ sún mọ́ wa díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn la fẹ́ sọ lónìí. Ẹnì kan lè ní, "Kí ló kan ìlera nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn?" Ó kàn án gan-an. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó rí i.

Iṣẹ́ méjì ni ilẹ̀kùn ń ṣe nínú ilé. Ó ń dí ẹni tí a ò fẹ́ lọ́nà, ó sì ń jẹ́ kí onílé jáde nígbà tó bá fẹ́ jáde. Iṣẹ́ kìíní ni gbogbo wa máa ń rò bá a bá fẹ́ ra kọ́kọ́rọ́. Iṣẹ́ kejì, a kì í rántí ẹ̀ àfi bí ewu bá dé. Ohun tá a fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ sílé lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: ilẹ̀kùn tó bá mọ dídí olè, tí kò jẹ́ kí ará ilé jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kò tíì pé ilẹ̀kùn.

Àwa ará Kétu kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ta ni kò mọ Àkàbà Ìdénà, ẹnubodè àtijọ́ tí àwọn àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò? Àwọn bàbá wa mọ odi yí ìlú ká, wọ́n gbẹ́ yàrà ti odi, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn sí ẹnubodè kí ọ̀tá má bàa ráyè wọlé. Àmọ́ ní ọdún 1886, nígbà ayé ọba Glèlè, ogun Dànhọ̀mẹ̀ dó ti Kétu, wọ́n fọ́ ìlú, wọ́n sì kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ. Bí ogun bá dó ti ìlú, odi tó ń dáàbò bo ni náà ló tún ń séni mọ́. Ẹni tó wà nínú ẹ̀ kò rọ́nà dé oko. Bí ọ̀rọ̀ ìlú ṣe rí lọ́jọ́ náà lọ̀rọ̀ ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ṣe rí lónìí: kí á tó ti ilẹ̀kùn pa, ká ti mọ bí a ó ṣe jáde.

ỌWỌ́ RÒGÒDÒ ÀTI ỌWỌ́ TÍTẸ̀

Oríṣi ọwọ́ ilẹ̀kùn méjì ló pọ̀ lọ́jà. Èkíní rí rògòdò bí ọsàn. Ẹ ó fi àtẹ́lẹwọ́ dì í mú, ẹ ó sì yí ọrùn ọwọ́ kó tó ṣí. Bouton làwọn oníṣòwò ń pè é. Èkejì gùn gbọọrọ. Ẹ ó kàn tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ ni. Béquille ló ń jẹ́ lẹ́nu wọn, àwọn mìíràn a sì máa pè é ní poignée. Kó lè rọrùn fún wa, ẹ jẹ́ ká máa pe èkíní ní ọwọ́ rògòdò, ká máa pe èkejì ní ọwọ́ títẹ̀.

Ọwọ́ rògòdò ń béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣí i: ìka tó lè ká, agbára tó lè fún nǹkan mọ́wọ́, àti ọrùn ọwọ́ tó lè yí. Ẹni tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́, ilẹ̀kùn ti di ògiri fún un. Ọwọ́ títẹ̀ kò béèrè ìkankan nínú wọn. Ẹ lè fi ẹ̀yìn ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ lè fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́, á ṣí.

Ẹ wo àwọn tó wà nílé yín. Ìyá àgbà tí làkúrègbé ti mú ní oríkèé ìka. Bàbá tó ní àrùn rọpárọsẹ̀, tó jẹ́ apá kan ló kù tó ń gbọ́ tiẹ̀. Ìyàwó tó pọnmọ sẹ́yìn, tó gbé garawa omi lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹni tó ń fọṣọ lọ́wọ́, tí ọwọ́ ẹ̀ ń yọ̀ fún ọṣẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó fẹ́ lọ tọ̀ lóru. Àwọn gan-an ló ni ilẹ̀kùn, torí àwọn ló máa ń wà nílé jù.

Ẹnì kan tún wà lágbègbè wa níbí tí a ò gbọdọ̀ gbàgbé. Ní Pobè, ibùdó kan wà tí wọ́n ti ń tọ́jú egbò Buruli, èyí tí Fondation Raoul Follereau ń tì lẹ́yìn. Kòkòrò àìfojúrí kan ló ń fa egbò yìí, mọ̀lẹ́bí kòkòrò tó ń fa ẹ̀tẹ̀ àti ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Apá àti ẹsẹ̀ ló sábà máa ń mú. Ní Áfíríkà, nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń mú ni kò tíì ju ọmọ ọdún 15 lọ. Ó lè bẹ̀rẹ̀ bíi kókó kékeré tí kò dunni lábẹ́ awọ. Bẹ́ ẹ bá rí irú kókó bẹ́ẹ̀ lára ọmọ, ẹ má fewé bò ó, ẹ má dúró kó tó bẹ́. Ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀. Bí a bá fi í falẹ̀, egbò á fẹ̀, àpá ẹ̀ á sì fa awọ pọ̀, oríkèé á ká kò, kò ní nà mọ́.

Ọmọ tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí á padà wálé. Ara ẹ̀ ti yá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ kò lè dì, kò lè yí. Bó bá jẹ́ ọwọ́ rògòdò ló wà lẹ́nu ọ̀nà, á di kó máa ké pe àbúrò ẹ̀ kó tó lè jáde lọ tọ̀. Ìtìjú ńlá nìyẹn fún ẹni tó ti ń bàlágà. Kí wọ́n yọ ọwọ́ rògòdò kan, kí wọ́n fi ọwọ́ títẹ̀ kan sí i, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kì í tó ìdajì ọjọ́, ó sì tán.

Kì í ṣe àwa nìkan là ń rò ó bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà òfin àwọn aláàbọ̀ ara tí wọ́n ṣe ní 1990, ohun tí wọ́n ń fi sára ilẹ̀kùn ilé tí ará ìlú ń wọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọwọ́ kan ṣoṣo lè ṣí láìfún un, láìyí ọrùn ọwọ́. Ní ìlú Vancouver ní Kánádà, wọ́n ti sọ ọ́ dòfin láti oṣù kẹta ọdún 2014 pé ọwọ́ títẹ̀ ni kí wọ́n máa fi sí ilé tuntun, kì í ṣe rògòdò.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A ò sọ pé ọwọ́ rògòdò ò wúlò. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tagétagé kò lè tètè ṣí i, ewúrẹ́ náà kò sì lè gbẹ́sẹ̀ lé e kó wọ yàrá àgbàdo. Nítorí náà, yàrá tẹ́ ẹ̀ ń kó oògùn oko sí, ọwọ́ rògòdò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ló yẹ ibẹ̀. Yàrá tí èèyàn ń sùn sí, balùwẹ̀, ilé ìyàgbẹ́ àti ẹnu ọ̀nà àbájáde, ọwọ́ títẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀.

KÍ NI KỌ́KỌ́RỌ́ Ń ṢE FÚN ẸNI TÓ WÀ NÍNÚ ILÉ?

Ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1911, iná sọ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan tí wọ́n ń pè ní Triangle, ní ìlú New York. Àwọn ọmọbìnrin tó ń ránṣọ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá ti ti ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn pa, kí òṣìṣẹ́ má bàa gba ibẹ̀ jí aṣọ lọ. Nígbà tí iná dé, ilẹ̀kùn kò ṣí. Èèyàn 146 ló kú. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: torí olè ni wọ́n ṣe ti ilẹ̀kùn, àmọ́ kì í ṣe olè ló wà lẹ́yìn ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Gbogbo wa la mọ kpayo. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná jó níbi tí wọ́n ń kó epo sí ní Sèmè-Kraké, ó lé ní ọgbọ̀n èèyàn tó kú. Síbẹ̀, àwọn ilé kan wà tí kẹ́ẹ̀gì kpayo wà ní ìyẹ̀wù, tí iná ìdáná wà ní ẹ̀yìn ògiri. Bí ilé bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní, tí irin wà lójú fèrèsé, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí bàálé, kí ni àwọn ọmọ fẹ́ ṣe lóru? Ẹ gbé kpayo jáde kúrò níbi tẹ́ ẹ̀ ń sùn. Bí iná bá sì sọ, 118 ni nọ́ńbà àwọn panápaná ní ilẹ̀ Benin. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, kí wọ́n tó dé, ilẹ̀kùn yín ló máa kọ́kọ́ gbà yín.

Nǹkan mẹ́rin ni kẹ́ ẹ tún yẹ̀ wò nílé.

Àkọ́kọ́, àgádágodo ìta. Bẹ́ ẹ bá ń lọ sóko tàbí ọjà, ẹ má fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn láti ìta mọ́ ọmọdé, mọ́ aláìsàn tàbí mọ́ àgbà. A mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń fà á, kí ọmọ má bàa sọnù. Ẹ fi ọmọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Bí kò bá sẹ́ni tẹ́ ẹ lè fi í tì, ẹ mú un dání.

Ìkejì, kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́ pé tinú tìta ló ń fẹ́ kọ́kọ́rọ́. Bẹ́ ẹ bá ti í tán tẹ́ ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹni tó wà nínú ti dẹlẹ́wọ̀n. Èyí tó dáa jù ni èyí tó ń fẹ́ kọ́kọ́rọ́ níta, ṣùgbọ́n tó ní ohun kékeré tí a ń fọwọ́ yí nínú. Bí tiyín kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kan ìṣó kan sí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ olè kò lè tó láti ojú fèrèsé. Orí ìṣó yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ń sùn lálaalẹ́. Kí gbogbo ilé mọ ibẹ̀, tó fi mọ́ ọmọ tí ọwọ́ ẹ̀ tó o.

Ìkẹta, irin ojú fèrèsé. Ó kéré tán, kí irin fèrèsé kan nínú yàrá tí ẹ ń sùn jẹ́ èyí tó ń ṣí láti inú. Sódà mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ ṣá béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó jó o mọ́gi.

Ìkẹrin, balùwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́. Aboyún lè dákú níbẹ̀, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń ru lè ṣubú níbẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ń ṣí sínú, ara ẹni tó ṣubú á dí i, ẹ ò ní lè tì í wọlé. Ẹ jẹ́ kó máa ṣí síta. Ìdábùú inú ẹ̀ kó jẹ́ èyí tó ní ojú gbọ̀ọ̀rọ̀ kékeré níta, tẹ́ ẹ lè fi owó ẹyọ tàbí ẹnu ọ̀bẹ yí bí ẹni tó wà nínú kò bá dáhùn. Àti pé ọwọ́ ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ ni gbogbo ọwọ́ inú ilé ti ń pàdé. Ẹ fi omi ọṣẹ nù ún lójoojúmọ́, bí ìgbẹ́ gbuuru bá ti wọlé, kẹ́ ẹ máa nù ún lẹ́ẹ̀mejì.

NÍGBÀ TẸ́ Ẹ BÁ DÉ QUINCAILLERIE

Orúkọ tí wọ́n ń pe nǹkan lọ́jà ṣe pàtàkì, kí wọ́n má bàa kó ohun tẹ́ ẹ ò fẹ́ fún yín. Serrure ni odidi àpótí irin tó ń wọnú igi ilẹ̀kùn. Canon ni ibi tẹ́ ẹ̀ ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀. Ó ṣeé yọ, ó ṣeé pààrọ̀. Gâche ni irin pẹlẹbẹ tó wà lára òpó ilẹ̀kùn, èyí tí ahọ́n kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀. Targette ni ìdábùú kékeré tí a ń fọwọ́ tì. Cadenas ni àgádágodo.

Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ kọ ìwọ̀n mẹ́ta sórí ìwé. Bí ilẹ̀kùn ṣe nípọn tó. Bó ṣe jìn tó láti etí ilẹ̀kùn dé àárín ihò tí ọwọ́ ilẹ̀kùn ń gbà. Àti ìwọ̀n irin onígun mẹ́rin tó so ọwọ́ inú pọ̀ mọ́ tìta. Lára àwọn tó jẹ́ ti ilẹ̀ Faransé, mìlímítà 7 ló wọ́pọ̀ fún irin yìí. 8 wà lára àwọn mìíràn. Bẹ́ ẹ bá ki irin 7 bọ ihò 8, ọwọ́ ilẹ̀kùn á máa mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, láìpẹ́ á sì jẹ. Bí ti àtijọ́ bá ṣì wà, ẹ tú u, ẹ gbé e dání lọ sọ́jà.

Ẹ sọ fún oníṣòwò bóyá ọwọ́ ọ̀tún tàbí ọwọ́ òsì ni ilẹ̀kùn yín ń ṣí sí. Ẹ ní kó tú páálí lójú yín. Ẹ ka kọ́kọ́rọ́ inú ẹ̀. Ẹ tún mú kọ́kọ́rọ́ inú páálí kan, kẹ́ ẹ ki í bọ èkejì wò. Bó bá ṣí i, ẹ fi méjèèjì sílẹ̀, torí kọ́kọ́rọ́ aládùúgbò lè ṣí tiyín náà. Bí wọ́n bá ní idẹ ni, ẹ fi òòfà kàn án. Òòfà kì í gbé idẹ. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin tí wọ́n kùn láwọ̀ idẹ ni, omi balùwẹ̀ á mú kó dípẹtà.

Ẹ wo ẹnu ọwọ́ títẹ̀ náà. Èyí tó dáa ni èyí tí ẹnu ẹ̀ tẹ̀ padà sára ilẹ̀kùn. Èyí tí ẹnu ẹ̀ yọ síta á máa kọ́ ọ̀já ọmọ, á máa fa ìró ya. Ẹ béèrè iye ẹ̀ níbi mẹ́ta kẹ́ ẹ tó rà á, kẹ́ ẹ sì fi owó skúrù gígùn pamọ́. Ẹ ó gbọ́ ìdí ẹ̀ láìpẹ́.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ ṢE Ń LỌ

Ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ máa pe gbẹ́nàgbẹ́nà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ló lè mọ̀ bí wọ́n ṣe é dáadáa.

Èkíní, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ilẹ̀kùn ti so mọ́ òpó. Bí irin ibẹ̀ bá ti dẹ̀, ilẹ̀kùn á sọ̀ sílẹ̀, ahọ́n kọ́kọ́rọ́ kò sì ní bá ihò ẹ̀ mu láé. Ilẹ̀kùn tìkì tàbí ìrókò wúwo. Irin mẹ́ta ló yẹ kó gbé e, kì í ṣe méjì. Ẹ tún fi òòlù lu òpó ilẹ̀kùn wò. Bó bá ń dún gbọ̀ngbọ̀n bí akèrègbè, ikán ti jẹ ẹ́ nínú. Ẹ pààrọ̀ òpó kẹ́ ẹ tó náwó sí kọ́kọ́rọ́.

Èkejì, gíga. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Mítà kan láti ilẹ̀ ni kí ọwọ́ ilẹ̀kùn wà. Ọmọ á tó o, ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ á tó o, àgbà ò ní bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ ilé kò bá tíì ní sìmẹ́ńtì, ẹ ka ti sìmẹ́ńtì tó ń bọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹta, ìlà. Kí gbẹ́nàgbẹ́nà fi équerre fa ìlà yí ilẹ̀kùn ká, nínú, létí àti níta, kí ihò méjèèjì lè dojú kọra. Ìwé àwòṣe tó wà nínú páálí, ẹ má jù ú nù. Òun ló ń fi ibi ihò hàn.

Ẹ̀kẹrin, ihò. Kó lu ihò láti iwájú títí ṣóńṣó irin á fi yọ lẹ́yìn díẹ̀, kó wá yí sẹ́yìn parí ẹ̀. Bó bá lù ú já lẹ́ẹ̀kan náà, igi á ya. Ihò àpótí kọ́kọ́rọ́ létí ilẹ̀kùn, kó má fẹ̀ jù. Kí igi tó kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó sẹ̀ǹtímítà kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn máa ti kán.

Ẹ̀karùn-ún, ahọ́n. Ahọ́n kọ́kọ́rọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan òpó bí ilẹ̀kùn bá ń padé. Bó bá dojú kọ ibòmíràn, ilẹ̀kùn kò ní padé àfi kẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Kó fi ọwọ́ ilẹ̀kùn sí i, kó tẹ̀ ẹ́ wò kó tó de skúrù pa. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ fúnra ẹ̀ padà sókè. Bó bá ń lọ́ra, wọ́n ti de skúrù le jù, tàbí ihò ò gún.

Ẹ̀kẹfà, gâche. Ibí yìí ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń bàjẹ́. Ẹ fi èédú pa ahọ́n kọ́kọ́rọ́, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Ibi tí èédú bá tẹ̀ lára òpó ni kó gbẹ́. Ihò náà gbọ́dọ̀ jìn tó kí ahọ́n lè yọ tán pátápátá, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà méjì. Skúrù kéékèèké inú páálí kò tó o. Kó lo èyí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà méje, tó gba inú òpó wọ inú ògiri. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Olè tó bá fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn, òpó tó bá jẹ́ skúrù kékeré ló dì í mú ló máa kọ́kọ́ là. Kọ́kọ́rọ́ olówó ńlá lára òpó tí kò dúró, owó tó sọnù ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé amọ̀, òpó fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ irin mẹ́ta ní ọ̀tún, mẹ́ta ní òsì, tí wọ́n rì sínú sìmẹ́ńtì. Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn onírin ni, kí sódà yọ àpótí kọ́kọ́rọ́ kúrò kó tó máa jó irin, torí iná á ba ressort inú ẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀keje, àyè òjò. Òjò wa pín sí méjì lọ́dún, igi a sì máa wú nígbà òjò, a máa rọ nígbà ọyẹ́. Kí àyè bíi mìlímítà mẹ́ta wà láàárín ilẹ̀kùn àti òpó. Ilẹ̀kùn tí wọ́n fún mọ́ òpó ní oṣù kìíní, ní oṣù kẹfà, ìyá arúgbó kò ní lè fà á ṣí.

KẸ́ Ẹ TÓ SANWÓ TÁN

Ẹ má fojú wo ilẹ̀kùn nìkan, ẹ dán an wò. Ẹ ṣí i, ẹ tì í, nígbà ogún. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ ṣí i. Ẹ fi ọṣẹ pa ọwọ́, kẹ́ ẹ ṣí i. Ẹ ní kí ọmọ tó kéré jù nílé ṣí i, kẹ́ ẹ ní kí ìyá àgbà náà ṣí i. Níkẹyìn, ẹ pa iná alẹ́, kí gbogbo ilé wà nínú, kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn bẹ́ ẹ ṣe máa ń tì í tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn, kẹ́ ẹ wá ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wá ọ̀nà jáde nínú òkùnkùn. Ẹni tí kò bá lè jáde, ilẹ̀kùn ló ní àléébù, òun kọ́.

Bẹ́ ẹ bá ń wá oníṣẹ́, ẹ wo iṣẹ́ tó ti ṣe nílé ẹlòmíràn. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, tí wọ́n sì ti gba ìwé ẹ̀rí CQM. Ẹ lè ní kí wọ́n fi hàn yín. Ẹ jọ sọ iye owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ san apá kan, kí ìyókù dúró títí ẹ ó fi dán ilẹ̀kùn wò. Gbogbo kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ẹ kà lọ́jà ni kẹ́ ẹ tún kà nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Bẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí ilé tí ẹlòmíràn ti gbé, ẹ pààrọ̀ canon nìkan. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ odidi serrure.

Ìtọ́jú ẹ̀ kò le. Ẹ má rọ epo pupa tàbí òróró oúnjẹ sójú kọ́kọ́rọ́ o; eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á di àmọ̀. Ẹ mú lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé àwọn ọmọ, kẹ́ ẹ fi dúdú ẹ̀ pa eyín kọ́kọ́rọ́ dáadáa, kẹ́ ẹ ki í bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ yí i. Á máa yọ̀. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ de skúrù tó bá ti dẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi rabot fá ibi tí igi bá ti ń ha òpó.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ OLÙGBỌ́

Kí olórí ẹgbẹ́ ka ìwọ̀nyí, kẹ́ ẹ jọ sọ̀rọ̀ lé e lórí.

1. Nínú ilé yín, ta ni ṣíṣí ilẹ̀kùn máa ń ṣòro fún? Ṣé ẹ ti bi í rí?
2. Níbo ni kọ́kọ́rọ́ ń sùn lóru? Ṣé ọmọ tó kéré jù mọ ibẹ̀?
3. Ilé mélòó ládùúgbò yín ni wọ́n ń ti ọmọ tàbí aláìsàn mọ́ bí wọ́n bá lọ sọ́jà? Kí ni ẹgbẹ́ lè ṣe, tí ìyá kan á fi máa bá èkejì wo ọmọ?
4. Nínú balùwẹ̀ yín, bí ẹnì kan bá ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn, báwo lẹ ṣe máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀?
5. Bí owó ẹgbẹ́ bá tó pààrọ̀ ọwọ́ ilẹ̀kùn mẹ́ta péré lábúlé yín, ilé ta lẹ máa kọ́kọ́ lọ?

Ẹ̀yin ará wa, ibi tá a máa dúró sí nìyẹn lónìí. Lálẹ́ yìí, kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ kan ìṣó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọ. Ìṣó kan kò wọ́n.